Ta Ló Máa Bá Mi Jẹun ní Barking?

Láti ọjọ́ tí mo ti dé Barking ní London, n kò tíì rí ẹni tó jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, tó gbójú sókè, tó ní, "Ẹ wá jẹun." Ti òtútù, wọ́n ti sọ fún mi nílé, mo sì ti ra kóòtù sílẹ̀. Ti òkùnkùn tó ń ṣú lọ́sàn-án nígbà òtútù, wọ́n sọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé mo máa dé ibi tí èèyàn á ti jókòó kojú mi, á jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán pátápátá, á nu ẹnu, á sì dìde, bí ẹni pé àga lásán ló wà níwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí ni ti ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe sáńwíìṣì, lọ́nà Rippleside. Ibẹ̀ tutù bí inú fíríìjì. A ó wọ fìlà onínẹ́ẹ̀tì, a ó wọ ìbọ̀wọ́, búrẹ́dì á máa gba iwájú wa kọjá lórí bẹ́líìtì, èmi á máa to kùkúḿbà lé e. Gbogbo búrẹ́dì yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan fún. Ege méjì nínú páálí, kò sí ti àlejò níbẹ̀. Mo máa ń rò ó lọ́wọ́ iṣẹ́ pé odidi ìlú ni mò ń bá pèsè oúnjẹ àdájẹ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́, nígbà tí wọ́n ní ká sinmi, mo ṣí ìrẹsì mi, mo rí obìnrin kan tó jókòó sí iwájú mi, mo sì ní kó wá ká jọ jẹun. Ó wo ìrẹsì, ó wo ojú mi. Ó ní òun gbé tòun wá. Lẹ́yìn náà ló rọra yí àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síbí, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ìbàdàn, ló fi ẹsẹ̀ tọ́ mi lábẹ́ tábìlì.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, leave them jàre. Wọn kì í do bẹ́ẹ̀ níbí. They'll think ẹ ti fi something sínú ẹ̀."

Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an ni. Nílé wa, "Ẹ wá jẹun" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi rárá, ìkíni ni. Ẹni tó ń jẹun á pè ọ́, ìwọ náà á ní, "Á gba ibi ire o," wàá sì bá tìẹ lọ. Ẹni tó pè ọ́ mọ̀ pé o ò ní jókòó, ìwọ náà mọ̀ pé kò retí rẹ. Síbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ti gbọ́ ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́, pé a rí ara wa. Ibi tí wọn kò ti ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀, ó lè gbé ibẹ̀ títí, kó má sì dá a lójú pé òun wà níbẹ̀.

Ilé kan péré ni mo mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde tí "Á gba ibi ire" ti jẹ́ èèwọ̀, ilé tiwa sì ni. Bí Bàbá mi bá pè ọ́ pé kó o wá jẹun, dandan ni kó o wá. Ìbáà jẹ́ òkèlè kan péré, o gbọ́dọ̀ jókòó mú un. Ó sú àwọn àlejò. Ọkùnrin tó wá ka mítà iná nílé wa rí, ó bá oúnjẹ, Bàbá sì mú un jókòó ti ẹ̀fọ́ títí ó fi gbàgbé mítà. Àwọn aládùúgbò, tí wọ́n ń pe Bàbá ní Tíṣà, máa ń rẹ́rìn-ín pé, "Amẹ́ríkà ló ń yọ Tíṣà lẹ́nu."

Òótọ́ sì ni, Amẹ́ríkà ni. Bàbá lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ó ní àwọn ọmọ ogun tó ti ojú ogun dé ló kún kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ìjọba ló rán wọn níwèé. Bàbá ọmọ ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyàwó nínú ahéré onípákó tí wọ́n kọ́ sórí pápá ìṣeré. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni wọ́n fi ń jí. Bí ìbò ààrẹ bá ti kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa pariwo mọ́ra wọn bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ló ń du oyè. Ìbẹ̀rù Kọ́múníìsì gba ìlú kan nígbà náà, wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ wá búra pé àwọn kò sí lára ẹgbẹ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ Bàbá kọ̀, ó ní òun kì í búra fún ẹni tí òun kò jí nǹkan rẹ̀, ó sì kó ìwé rẹ̀, ó lọ.

Nínú gbogbo ariwo yìí, òun nìkan ni Bàbá ń dá jókòó nílé oúnjẹ. Yóò gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, yóò gbójú sókè gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, yóò sì sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé kó wá jẹun. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń dúpẹ́, kò sẹ́ni tó ń jókòó. Títí di ọjọ́ tí ọkùnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hárì, ọmọ àgbẹ̀ tí ogun ti gé ìka rẹ̀, gbé abọ́ tirẹ̀ wá bá a. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ojú ogun dé, Bàbá lẹni àkọ́kọ́ tó pe òun sídìí oúnjẹ. Wọ́n wá dọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n jọ lọ sí ilé oúnjẹ láàárín ìlú, olóúnjẹ sì ní Hárì lè jókòó, ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúdú lọ gba tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Hárì kò jà. Ó gbé oúnjẹ méjèèjì, ó gba ẹ̀yìn jáde, wọ́n sì jókòó sórí àpótí níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, wọ́n jẹun.

"Ìṣèlú Amẹ́ríkà tí èmi mọ̀ nìyẹn," ni Bàbá máa ń fi parí rẹ̀. "Ta ló ń jókòó, ta ló ń dúró, ta ló bá ẹni tó dúró dúró."

Àwa ọmọ mọ ìtàn yẹn bí a ṣe mọ Àdúrà Olúwa.

Nítorí náà, ẹ̀rín ni mo rín nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí, èmi ìyá àgbà, láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn tó máa gbé mi dé yunifásítì, tí olùkọ́ sì kéde ohun tí a máa kọ́: ìṣèlú Amẹ́ríkà àti ayé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ogun. Mo ní Bàbá ti tẹ̀lé mi dé London. Olùkọ́ náà, ọmọdébìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ mi, ní ká máa pe òun ní Hánà. Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo ń pè é ní Mísì Hánà, ó ń rẹ́rìn-ín, mo ń pè é bẹ́ẹ̀ náà.

Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà, kí n má purọ́. Àkókò tí kò sí ẹ̀kọ́ ló ń pa mí. Àwọn ọmọ kíláàsì wa kéré, wọ́n fi nǹkan dí etí, wọ́n mọ ara wọn. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, báàgì ni wọ́n ń gbé sí i. Bí a bá dé káńtíìnì, mo máa ń kọjú sógiri jẹun, nítorí ògiri kì í yí àga. Mo ti jáwọ́ nínú pípe èèyàn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ń lọ sí ìjọ Aládùúrà wa, a ó kọrin, a ó jó, wọ́n á sì kí mi tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n ìsìn á parí, oníkálùkù á sáré lọ síṣẹ́ tàbí lọ sùn nítorí iṣẹ́, èmi náà á gba ẹ̀yìn ilé àtijọ́ Eastbury padà sí yàrá mi. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, Barking ni mo ti mọ bó ṣe wúwo tó.

Nígbà tó yá, mo pinnu pé mo máa fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oníkálùkù máa dúró níwájú kíláàsì sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kọ́. Mo ní bí mo bá lè fara da ìyẹn, ó parí nìyẹn, n kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Fúnmi, tó ń tọ́jú Bàbá nílé.

"O fẹ́ fi sílẹ̀?" ni ó pariwo. "Torí pé kò sẹ́ni tó ń bá ẹ jẹun? Ṣé oúnjẹ jíjẹ lo lọ kọ́ ní school ni?"

"Àǹtí mi, kò lè yé yín."

"Kò lè yé mi lóòótọ́. Gbà, bá Bàbá sọ̀rọ̀."

Ó yí fóònù sí i. Bàbá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ṣì mọ́ ṣáká, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ti ń fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí lórí fóònù títí.

"Ta ni obìnrin yìí?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá. Àbíkẹ́yìn yín."

"Ó dáa. Kú ilé o, ìyá."

Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ ti Amẹ́ríkà fún mi. Ti Hárì. Mo fẹ́ lọ sọ ọ́ ní kíláàsì."

Ó ronú. "Amẹ́ríkà? Ṣé ẹnìkan nínú wa dé Amẹ́ríkà rí ni?"

Mo wà lórí bẹ́ǹṣì nítòsí ilé Eastbury nígbà náà, oòrùn ń ràn, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò mí.

Àgbàlagbà kan ṣoṣo ló tún wà ní kíláàsì wa yàtọ̀ sí èmi, Mister Tẹ́rì. Òyìnbó ni, ọmọ bíbí Dagenham tó wà nítòsí wa, ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ìdí fèrèsé ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé ìròyìn. Bí ọ̀rọ̀ ìbò Amẹ́ríkà bá ti délẹ̀, á gbóhùn sókè, ṣùgbọ́n tí a bá ti dé káńtíìnì, á tún dákẹ́ bí ìsà òkú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó ń kọjá lọ, ẹnu mi kò sì dúró gba àṣẹ lọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Mister Tẹ́rì, ẹ wá jẹun."

Ó dúró. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Kí n tó dáhùn, ó ti jókòó. Ó mú fọ́ọ̀kì, ó pín mọ́ínmọ́ín sí méjì, ó sì fa ìhà tí ẹyin wà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹyin kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀! Mo wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́, inú mi ń sun ẹkún ẹyin, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè é. Ó sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, Jíìn, tó máa ń bá a se páì ẹja ní gbogbo Friday. Ó ní láti ìgbà tí ó ti kú, òun kò tíì jókòó kojú ẹnikẹ́ni jẹun. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ara mi bù máṣọ, nítorí ó jọ ọ̀rọ̀ Hárì.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ń jọ jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ lójú méjèèjì, mo ń fi ẹyin méjì sí mọ́ínmọ́ín. Mo tilẹ̀ bá ara mi tó ń kọrin lórí bọ́ọ̀sì.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ba nǹkan jẹ́. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo wọ káńtíìnì, mo rí i tó gbé abọ́ kan tí wọ́n fi tówẹ̀lì wé ka iwájú. Páì ẹja ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sè é, nínú abọ́ Jíìn. Fọ́ọ̀kì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó yá, tèmi ló kàn. Wá jẹun."

Èmi ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, mo rẹ́rìn-ín padà, mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Á gba ibi ire," mo sọ ọ́ lédè wọn, mo sì kọjá lọ jókòó sí tábìlì kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ mọ ohun tí mò ń dúró dè. Mò ń dúró kó tún pè mí. Ọmọlúàbí kì í gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pè é, á kọ̀, wọ́n á tún pè é, á fà sẹ́yìn, ìgbà kẹta ló máa sún àga. Ní ilé Bàbá nìkan ni wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Barking kì í sì í ṣe ilé Bàbá. N kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àwọn ará ibí ń pe èèyàn. Nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, Mister Tẹ́rì ti da tówẹ̀lì bo abọ́ rẹ̀. Kò jẹ nínú rẹ̀. Ó gbé e mọ́ àyà, ó jáde.

Kò wá lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Kò wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. N kò mọ ilé rẹ̀, n kò ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo padà sídìí ògiri mi. Ìdáwà tó padà dé yìí wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí mo ti tọ́ òdì kejì rẹ̀ wò. Mo ronú nípa Bàbá, tó ń gbójú sókè lójoojúmọ́ ní ilẹ̀ àjèjì, tí wọ́n ń sọ fún un pé, "Rárá, ẹ ṣé." Èmi ọmọ rẹ̀ ló wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ ọ̀rọ̀ sísọ pé. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ láti inú ìwé wà lọ́wọ́ mi: òfin báyìí, ìbò báyìí. Mo dìde. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí, tí Mister Tẹ́rì wọlé, tó gbé báàgì kan mọ́ àyà, tó jókòó sẹ́yìn pátápátá láìwo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi. Mo ká ìwé mi kúrò. Mo sọ ti Bàbá fún wọn. Mo sọ ti ahéré lórí pápá, ti olùkọ́ tó kọ̀ tí kò búra, ti Hárì àti ìka rẹ̀, ti àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ náà yọ nǹkan létí. Mo ní baba mi ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ báyìí, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ wa níbí ni ìtàn náà kù sí.

Mo wá wo ẹ̀yìn kíláàsì. Mo ní, "Níbi tí mo ti wá, bí wọ́n bá pe èèyàn sídìí oúnjẹ, kì í kọ́kọ́ gbà. Ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní ọ̀kánjúwà ni. Ẹnìkan pè mí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọkàn mi ti jókòó, ara mi ló kọjá lọ. Bó bá pè mí lẹ́ẹ̀kejì ni, mo máa sáré wá."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mister Tẹ́rì ń wo ilẹ̀. Mísì Hánà ní ọ̀rọ̀ mi wọ òun lára, ó bi mí bóyá mo máa wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo kàn kó ìwé mi sínú báàgì.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí káńtíìnì, ọkàn mi wúwo. Mister Tẹ́rì ti ṣáájú mi débẹ̀. Abọ́ Jíìn wà níwájú rẹ̀, tówẹ̀lì ti kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ti bá a gbé e gbóná, ooru ń jáde. Ó rí mi lókèèrè.

"Wá jẹun," ni ó wí. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Wá jẹun." Ó gbé ìka mẹ́ta sókè, ó ní, "Wá jẹun. Ó pé àbí kò pé?"

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ mú mi. Mo jókòó. Páì náà ti jóná díẹ̀ nísàlẹ̀, iyọ̀ kò sì tó rárá, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì jẹ oúnjẹ tó dùn tó o láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí.

A kò tíì jẹ ẹ́ dé ìdajì tí fóònù mi fi dún. Àǹtí Fúnmi ni, ó hàn lójú rẹ̀ lórí fóònù pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Jọ̀ọ́, bá mi talk sí i. Bàbá ò jẹun láti àná. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, he just closed his mouth. Ó ní òun ò mọ ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀."

Ó yí fóònù sí Bàbá. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ti rù. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń kọjá ní títì.

"Ìwọ ta ni?"

Ó ti rẹ̀ mí láti máa dárúkọ ara mi fún un. Fọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e sókè, mo sọ ohun tí mo ní lẹ́nu.

"Bàbá, ẹ wá jẹun."

Ó wo páì náà. Ó wo Mister Tẹ́rì, ó wò ó pẹ́, pàápàá ọwọ́ rẹ̀ tó di fọ́ọ̀kì mú. Ojú rẹ̀ là, bí ẹni tó tún rí Hárì.

"Mò ń bọ̀," ni Bàbá wí. Ó di apá àga mú, bí ẹni tó fẹ́ dìde. "Fúnmi, gbé oúnjẹ mi wá, wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin, ẹ sún fún mi."

Mo gbọ́ ìró abọ́ nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo rí òkèlè àkọ́kọ́ tó lọ sẹ́nu rẹ̀.

Mister Tẹ́rì bi mí pé kí ni Bàbá wí. Mo ní ó ní ká sún fún òun. Ó dìde, ó gbé kóòtù rẹ̀ kúrò lórí àga kẹta, ó sì fa àga náà wá sídìí tábìlì.